Ẹsẹ̀ Méjì, Ọkọ̀ Rẹpẹtẹ: Kí Ni Reggie Jackson Ń Wá?

    

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ilé wa máa ń bi ara wọn tí wọ́n bá rí àwòrán àwọn eléré ìdárayá ilẹ̀ òkèèrè àti ọkọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀ bí ẹni to ìkòkò lọ́jà. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ méjì péré lèèyàn ní. Ẹni tó wá ní ogún ọkọ̀, ọgbọ̀n ọkọ̀, èwo ló fẹ́ wà nínú rẹ̀? Ṣé kì í ṣe ọ̀kánjúwà nìyẹn?

Ìbéèrè gidi ni. Mi ò fẹ́ fi òwe kan ṣoṣo dá a lóhùn kí n wá lọ sùn. Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tí ayé mọ̀, ká wo ọ̀rọ̀ náà lára rẹ̀ dáadáa, ká tó dájọ́.

Ẹni tí mo mú ni Reggie Jackson, ọmọ Amẹ́ríkà, èèyàn dúdú. Ọdún 1946 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Iṣẹ́ télọ̀ àti ìfọṣọ ni bàbá náà ń ṣe, òun náà sì ti gbá béèsìbọ́ọ̀lù rí nínú ìdíje àwọn aláwọ̀ dúdú, nígbà tí àwọn òyìnbó kò tíì gbà kí dúdú bá wọn gbá a pọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ béèsìbọ́ọ̀lù, báyìí ló ṣe rí. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta, á jù ú bí ẹni ta ọfà. Ẹnì kejì á dúró pẹ̀lú igi gbọọrọ lọ́wọ́, á máa wá bó ṣe máa gbá a. Bó bá gbá a tí bọ́ọ̀lù fò kọjá ọgbà pápá, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, á rọra sáré yí pápá ká, ariwo á sọ. Bó bá sì gbá òfo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di kó lọ jókòó.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gọ́ta lé ní ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta, ìyẹn 563, ni Jackson gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà. Ó gba ife ẹ̀yẹ tó ga jù lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún: mẹ́ta pẹ̀lú ẹgbẹ́ Oakland, méjì pẹ̀lú ẹgbẹ́ New York Yankees. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1977, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo pẹ̀lú Los Angeles Dodgers, ó gbá mẹ́ta jáde ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Ajubọ́ọ̀lù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jù ú sí i, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jù ló gbá lọ. Oṣù kẹwàá ni wọ́n ń gbá àṣekágbá ìdíje wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Oṣù Kẹwàá, orúkọ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ títí di òní.

Ṣùgbọ́n iye mìíràn wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, torí a máa tún bá a pàdé níwájú: 2,597. Iye ìgbà tó gbá òfo tó sì lọ jókòó nìyẹn. Nínú gbogbo àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù yẹn ní ìdíje àgbà Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó gbá òfo tó o.

Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1987. Ní 1993, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé ìrántí àwọn akọni béèsìbọ́ọ̀lù. Ẹlòmíì tó bá dé ibẹ̀, á jókòó, á máa jẹ ìgbádùn. Ti Jackson kọ́. Ọkọ̀ ló gba ọkàn rẹ̀, ó sì ti ń kó wọn jọ láti ìgbà tó ṣì wà lórí pápá.

Kì í ṣe ọkọ̀ tuntun tó ń dán yinrinyinrin ni mò ń sọ o. Ògbólógbòó ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, pàápàá Chevrolet, àwọn èyí tí wọ́n ṣe láàrin 1950 sí 1970 ó lé díẹ̀: Camaro, Corvette, àti àwọn ẹ̀yà wọn tó ní ẹ́ńjìnnì ńlá. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé bó bá kọjá ládùúgbò, ẹni tó ń sùn á mọ̀. Ìgbà tí Jackson wà ní ọ̀dọ́ ni wọ́n ń ṣe wọ́n.

Kí ló lè mú kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ èèyàn lára tó báyẹn? Ẹ gbọ́ ìtàn kan.

Ní 1967, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, wọ́n rán an lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí ìkórìíra àwọ̀ ti gbóná janjan nígbà yẹn. Ó dé ilé oúnjẹ, wọ́n ní dúdú ò lè jẹun níbẹ̀. Ó dé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní kò lè sùn níbẹ̀. Joe Rudi, òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló gbà á sílé, ó ń sùn lórí àga gbọọrọ ní pálọ̀ wọn. Àwọn kan wá halẹ̀ pé bí kò bá jáde níbẹ̀, àwọn á dáná sun ilé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ ròyìn èyí lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tó padà dé pápá Rickwood ní Birmingham. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta á lára bí ẹni pé àná ni.

Ìtàn yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ yé mi. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ níbi gbogbo, tó bá lọ́kọ̀ tirẹ̀, ó ti ní yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó máa ní kó dìde lórí àga inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní ẹ̀yìn ni kó jókòó sí. Nígbà tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá dàgbà tó sì lówó, tó wá ń wá ọkọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ kiri, èmi ò ní yára pè é ní ọ̀kánjúwà. Ó ń padà lọ mú nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀ ni.

Ó yá, iṣẹ́ wo ló wà nínú kíkó ògbólógbòó ọkọ̀ jọ? Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í kọ́kọ́ wo ọ̀dà ara ọkọ̀. Ó ń béèrè ìwé rẹ̀ ni: ta ló kọ́kọ́ rà á? Níbo ni wọ́n ti tà á? Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ yìí, ṣé òun ni wọ́n bí i mọ́, àbí wọ́n gbé ti ẹlòmíì sí i? Nọ́ńbà kan wà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, òmíì wà lára ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, owó ọkọ̀ náà á fò sókè. Bí wọn ò bá bára mu, ọkọ̀ kan náà, àwọ̀ kan náà, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Àwa náà mọ irú rẹ̀ nílé: a kì í torí pé ọmọ wọ aṣọ ìdílé ká gbà pé ọmọ ìdílé ni. A máa ń béèrè pé ọmọ ta ni, oríkì wo ni wọ́n ń kì í.

Mo fẹ́ fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1969, Chevrolet ṣe Camaro kan tí wọ́n pè ní ZL1. Aluminiọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kó lè fúyẹ́, torí eré ìje ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Oníṣòwò ọkọ̀ kan wà ní ìlú kékeré La Harpe, ní ìpínlẹ̀ Illinois, Fred Gibb lorúkọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe àádọ́ta fún òun. Owó rẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ dàrú. Camaro lásán kò tó 3,000 dọ́là nígbà yẹn, ẹ́ńjìnnì ZL1 nìkan lé ní 4,000. Ta ló fẹ́ rà á? Ọkọ̀ dúró sílẹ̀, kò tà. Gibb ní kí ilé iṣẹ́ wá kó púpọ̀ nínú wọn padà. Mọ́kàndínláàádọ́rin, 69, péré ni gbogbo èyí tí wọ́n ṣe. Lónìí, èyí tó bá ṣẹ́kù tí ìwé rẹ̀ pé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń pè é ní gbàǹjo. Ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn kọ̀ lánàá ni gbogbo èèyàn ń lé kiri lónìí. Kí ló fà á? Ẹnì kan wà tí kò jẹ́ kó bàjẹ́, tó tún tọ́jú ìwé rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtọ́jú yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Àwọn kan rò pé ọkọ̀ tí a ò wà, ìsinmi ló ń sin. Irọ́ ni. Ọkọ̀ tó dúró ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Epo bẹntiróò inú rẹ̀ á bàjẹ́, á di bí gọ́ọ̀mù, á dí ọ̀nà. Bátìrì á kú. Táyà tó gbé ẹrù sójú kan fún oṣù mẹ́fà á pẹlẹbẹ níbi tó fi tẹlẹ̀. Rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú á gbẹ, á sán, ọ́ìlì á máa jò. Eku á wọlé, á jẹ wáyà. Bí afẹ́fẹ́ bá lọ́rinrin, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà láti abẹ́, níbi tójú ò tó. Nítorí náà, ẹni tó ní ọgbọ̀n ọkọ̀, ọgbọ̀n aláìsàn tó ń fẹ́ ìtọ́jú ló ní. Ó ní láti máa ṣíná sí wọn, kó máa wà wọ́n jáde, kó ní mẹkáníìkì tó mọ tinú ọkọ̀ àtijọ́, kó ní ilé tí òjò ò wọ̀. Àwa tí a ń bọ Ògún mọ̀ ọ́n tipẹ́: irin tí ọwọ́ ò kàn, ìpẹtà ni yóò kàn án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Jackson ti wọ̀ mí lákínyẹmí ara nìyí. Iná.

Ẹ rántí pé ní 1967, wọ́n halẹ̀ iná mọ́ ọn. Ní 1976, ilé rẹ̀ ní Oakland jóná, àwọn àmì ẹ̀yẹ tó ti gbà sì bá a lọ. Ní 1988, ọdún kejì tó fi eré sílẹ̀, iná ṣẹ́ yọ ní ilé ńlá tó ń kó ọkọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tó ti ń kó jọ ló bàjẹ́, iye wọn lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀: epo, ọ́ìlì, rọ́bà, tìmùtìmù, ọ̀dà. Bí iná bá mú ọ̀kan, kò ní béèrè kó tó mú èkejì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹwàá ọdún 1991, iná òkè Oakland jà. Èèyàn márùndínlọ́gbọ̀n ló kú, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ilé ló jóná, ilé Jackson tún wà nínú wọn.

Àwọn kan nínú yín á ti máa sọ pé kí ló dé tí kò rúbọ. Èmi ò dífá fún un, mi ò sì ní sọ ohun tí Ifá ò rán mi. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ: ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún ra òmíì, ó tún tún òmíì ṣe, ó ń tà, ó ń rà. Títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, tí wọ́n bá dárúkọ àwọn tó mọ Chevrolet àtijọ́ dénú ní Amẹ́ríkà, wọ́n á dárúkọ rẹ̀.

Ẹ wá rántí 2,597 tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tó ti gbá òfo tóyẹn lójú gbogbo ayé, tó lọ jókòó, tó tún dìde mú igi, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni iná ò lè lé padà. Iná mú ọkọ̀, kò mú ìmọ̀ ọkọ̀. Ojú tó mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú kò jóná. Ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe kò jóná. Ká ní owó nìkan ló fi kó wọn jọ ni, iná ọdún 1988 ni ì bá parí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn ọkọ̀ yìí ní ẹbí ní Cuba, níbi tí àwọn ará wa ti ń pe Ògún títí dòní. Kó tó di 1959, Amẹ́ríkà máa ń kó Chevrolet, Ford àti irú wọn lọ síbẹ̀ rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn tí Castro gbàjọba, Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn ọjà mọ́ wọn. Ọkọ̀ tuntun ò dé mọ́, sípéè pátì ò dé mọ́. Kí ni àwọn ará Havana ṣe? Wọ́n ń wa èyí tó wà ńlẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, wọ́n á gbé ti ọkọ̀ Rọ́ṣíà sí i, tàbí ti dísù. Bí irin bá já, wọ́n á rọ òmíì lọ́wọ́. Títí di ìsinsìnyí, Chevrolet ọdún 1955 ṣì ń kó èrò láàárín ìlú. Ẹni tó ń kó ọkọ̀ jọ ní California á mi orí sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, á ní nọ́ńbà rẹ̀ ò bára mu. Awakọ̀ Havana á ní, ṣé nọ́ńbà ni mo fẹ́ jẹ ni? Ọ̀kan ń tọ́jú ìtàn ọkọ̀, èkejì ń tọ́jú ìrìn rẹ̀. Èmi ò rí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. Ọwọ́ àwọn méjèèjì wà lára irin.

Ìdáhùn mi sí àwọn ọ̀dọ́ wa rèé. Iye ọkọ̀ kọ́ ni ẹ ó fi mọ ọ̀kánjúwà. Ẹ bi onítọ̀hún ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ó mọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ṣé ó ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ṣé ó lè jẹ́ kí ọ̀kan lọ nígbà tó bá yẹ kó lọ? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, olùtọ́jú ni, ì báà ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ọ̀kan, ọ̀kánjúwà lè wà nídìí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ní.

Ìbéèrè mẹ́ta yẹn kan àwa náà ńlé níbí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó ní 1975, ọ̀pọ̀ bàbá wa ló fi òógùn ojú ra tiwọn. Ìjàpá kan, 504 kan, gbogbo àdúgbò á wá bá wọn yọ̀. Níbo làwọn ọkọ̀ yẹn wà báyìí? Ẹ yí ojú sẹ́yìn ilé. Bàbá kú, àwọn ọmọ ò fẹnu kò. Ẹ̀gbọ́n ní tòun ni, àbúrò ní àfi ká tà á ká pín in, ìyàwó kékeré fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́. Ọdún mẹ́wàá kọjá, adìẹ ń yé sínú rẹ̀, koríko gba ojú fèrèsé rẹ̀ yọ. Nígbẹ̀yìn, ẹni tó ń ra ògbólógbòó irin á dé pẹ̀lú ọmọlanke, á wọn bàbá yín lórí ìwọ̀n, á san owó irin.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì lọ́kọ̀ àtijọ́ nílé, ohun tí mo máa bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ máa ṣíná sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì wà á jáde, kì í ṣe kó kàn máa kùn lójú kan. Obì àti epo tí a ń fún un lọ́jọ́ ọdún Ògún dára, ṣùgbọ́n kò ní kẹ́ ẹ má pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ kó ìwé rẹ̀ sójú kan: rìsíìtì tí wọ́n fi rà á, ìwé tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwòrán ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé àjákọ, kẹ́ ẹ kọ ẹni tó rà á, iye tó rà á, ibi tó gbé yín dé, ọmọ tí wọ́n fi gbé ìyá rẹ̀ lọ bí i. Kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ lójú ayé yín pé ẹni báyìí ló máa gbà á. Bí kò bá sí ọmọ tó fẹ́ ẹ, ẹ tà á nígbà tó ṣì ń rìn, ẹ tà á fún ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀. Ìtìjú ò sí nínú ìyẹn. Ìtìjú ni kó jẹrà lójú wa, ká máa ní "ọkọ̀ Bàbá ni" láì sẹ́ni tó lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti mẹkáníìkì àárín wa, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Tí ọmọ kan bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń tú ẹ́ńjìnnì, ẹ má lé e. Ẹ fi sípánà lé e lọ́wọ́. Ohun tó bá ti mọ̀, iná ò ní lè jó o.

Ó tún di oṣù mẹ́ta sí i. Ọ̀nà á là fún wa, a ò ní pàdé aburú lójú pópó. Ògún Lákáayé á máa ṣọ́ wa. Ire o.